Khan méjì: Montalbán àbí Cumberbatch?

Ní 1967, Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa ìrìn àjò nínú òfuurufú, gbé ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Khan Noonien Singh jáde: ọmọ àríwá Íńdíà, ó jọ pé ẹlẹ́sìn Sikh ni. Ricardo Montalbán, ọmọ Mẹ́síkò, ló ṣe é. Òun náà kì í ṣe ará Íńdíà, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wò ó nínú fíìmù 1982: irun funfun, àyà gbalaja níta, ìbínú ọdún 15 tó ti lò nígbèkùn lójú rẹ̀. Ọba tó pàdánù ìjọba ni lóòótọ́.

Nínú fíìmù Star Trek ti 2013, wọ́n gbé ipa Khan fún Benedict Cumberbatch, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ eré ṣe, ohùn rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Àmọ́ nígbà tó dúró nínú àhámọ́ onígíláàsì, tó ní Khan lòun ń jẹ́, ó dùn mí. Ṣé òṣèré ọmọ Íńdíà ṣọ̀wọ́n ní 2013 ni? Montalbán ni tèmi.