Ariwo fáànù láptọ́ọ̀pù: káàdì gíráfíìkì wo ló máa jẹ́ kí etí yín sinmi?

Kí ẹ tó bèèrè bóyá RTX 3050 ló wà nínú láptọ́ọ̀pù kan tàbí RTX 4060 (káàdì gíráfíìkì NVIDIA ni méjèèjì, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú skríìnì), ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye wáàtì tí wọ́n fún un. Iná tí káàdì gíráfíìkì bá jẹ ló ń di ooru, fáànù ló sì máa lé ooru yẹn jáde. Láti wáàtì 35 títí dé 115 ni NVIDIA gbà kí àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù fún RTX 4060. Orúkọ kan náà lè wà lára láptọ́ọ̀pù méjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan lè rọra máa ṣiṣẹ́ tiẹ̀, kí èkejì pariwo débi tí ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú yàrá á fi ní kẹ́ ẹ gbé e jáde.

Èyí tó dákẹ́ jù ni èyí tí kò ní káàdì lọ́tọ̀, tó jẹ́ pé inú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ni gíráfíìkì rẹ̀ wà, bí Intel Iris Xe tàbí AMD Radeon 780M. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń wo YouTube, tó ń ṣe ìpàdé lórí Zoom, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. MacBook Air ò tilẹ̀ ní fáànù kankan látìgbà tí ṣíìpù M1 ti Apple ti dé lọ́dún 2020. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ fídíò ńlá lé e, tó sì gbóná, fúnra rẹ̀ ló máa dẹ ìrìn.

Àárín ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé káàdì kékeré, ariwo kékeré. GTX 1650 ń jẹ tó wáàtì 50, RTX 3050 wà láàárín 35 sí 80, lóòótọ́ wọn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n inú láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n sábà máa ń kì wọ́n sí, géèmù tó bá sì wúwo díẹ̀ á fi gbogbo agbára wọn ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ẹ gbé géèmù kan náà fún RTX 4060 tó wà nínú ara tó nípọn, kẹ́ ẹ fi ètò Max Frame Rate inú NVIDIA Control Panel dá a dúró sí fírémù (àwòrán) 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: kò ní làágùn rárá. Tí owó bá wà, ìyẹn ni èmi á mú. RTX 4080 àti 4090 tó lè jẹ wáàtì 150? Ẹ yáa ra íápíìsì mọ́ ọn.

Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ skríìnì kejì o. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, káàdì ńlá ni wọ́n so ihò HDMI mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́, káàdì ò ní lè sùn mọ́. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló mú káwọn tó ra MacBook Pro oní-ínṣì 16 ti 2019 máa ráhùn pé fáànù ń ké láìṣe pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ gidi.

Tẹ́ ẹ bá dé Computer Village n'Íkẹjà, orí bátìrì ni wọ́n máa tan tòkunbọ̀ fún yín. Ẹ má gbà. Káàdì kì í rí wáàtì rẹ̀ gbà tán lórí bátìrì, fáànù á wá ṣe bí ọmọlúàbí. Ẹ ní kí wọ́n fi ṣájà sí i, kẹ́ ẹ gbé e sórí ètò Performance, kẹ́ ẹ jẹ́ kí FurMark, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń fi gbogbo agbára káàdì ṣiṣẹ́, sáré fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ sún etí mọ́ ọn dáadáa, torí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì lè bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá ń dún fùùù láìyí padà, afẹ́fẹ́ lásán ni. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni tiyín? Fáànù ti ń jẹ, ẹ máa ná an wálẹ̀. Tó bá jẹ́ ohùn tín-ín-rín tó ń yí padà bí àwòrán ṣe ń yí lójú skríìnì, kì í ṣe fáànù, àwọn wáyà wíwé inú ẹ̀rọ náà ni, kò sì sí ìnùmọ́ tó lè wò ó sàn. Èyí tó bá ń ké látìgbà tẹ́ ẹ ti tàn án láìtíì ṣe nǹkan kan, eruku tàbí péésìtì agbóoru orí ṣíìpù tó ti gbẹ ló sábà máa ń fà á, ìyẹn ṣeé tún ṣe.

Nípa iye dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) tí wọ́n ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: bó bá fi 10 lé sí i, etí á gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Yàrá tó tutù ni wọ́n sì sábà ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ fi díẹ̀ kún un.