Rìsífà tó ń kọrin láìtan tẹlifíṣàn: èwo ló yẹ kí ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ rà?

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù ló ti ní rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń fún sípíkà lágbára, àti sípíkà márùn-ún ní pálọ̀, síbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ orin lásán láàárọ̀ Sátidé, tẹlifíṣàn ni wọ́n á kọ́kọ́ tàn. Kí ni tẹlifíṣàn ìnṣì 55 ń ṣe níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé àpàlà Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, là ń gbọ́? Iná ló ń jẹ. Irú rẹ̀ lè jẹ tó 100 wáàtì, ẹni tó sì ń lo ìnfátà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà tó bá di alẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ òǹtajà: bí tẹlifíṣàn bá kú, ṣé orin á máa lọ? Ọ̀nà tí orin ń gbà wọ inú rìsífà ló máa dáhùn ìbéèrè yẹn, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀.

Fire TV Stick tàbí Roku lójú HDMI

Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé fíìmù àti orin wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n; ojú HDMI, ibi tí wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀ ti ń wọlé, la ń kì wọ́n sí. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń fa wàhálà jù. Ojú tẹlifíṣàn lẹ ti sábà máa ń yan orin. Lẹ́yìn ìyẹn ni HDMI-CEC, ètò tó jẹ́ kí rìmóòtù kan máa darí gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ra wọn. Ẹ tẹ rìmóòtù láti pa tẹlifíṣàn. Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, rìsífà náà ti kú tẹ̀lé e, orin ti já. Ẹ tan rìsífà padà, tẹlifíṣàn tún tàn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè wọ inú sẹ́tìǹgì rìsífà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ HDMI Control sí, kí ẹ pa á. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí ẹ bá pa á, ARC tó ń gbé ohùn tẹlifíṣàn wá sínú rìsífà á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Fún fíìmù, ó dára. Ẹni tó bá jẹ́ pé torí orin ló ṣe ń wá nǹkan, kó má rà á.

Rìsífà tó ní Wi-Fi lára

Denon àti Marantz ń lo áàpù HEOS, Yamaha ń lo MusicCast. Orí fóònù lẹ ti máa yan gbogbo nǹkan. Ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni Spotify Connect, tó wà nínú áàpù orin Spotify: fóònù kò gbé orin kankan, àṣẹ ló kàn ń pa, rìsífà fúnra rẹ̀ ló ń fa orin láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpè lè wọlé, ẹ lè mú fóònù dání lọ sí Ìpẹru, àwọn ará ilé á ṣì máa gbọ́ orin wọn, àfi bí ó bá jẹ́ pé fóònù yẹn gan-an lẹ fi ṣe hotspot.

Ibi tó ti ń dun ni nìyí o: orin tí ẹ ti wà sílẹ̀ (download) sórí fóònù kò wúlò fún Connect. Rìsífà á tún lọ fà á ní tuntun, ẹ ó sì tún sanwó dátà rẹ̀. Orin tó ń wọlé ní 320 kbps ń jẹ nǹkan bí 144 MB ní wákàtí kan. Ẹni tó ń fi MiFi ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ilé gbọ́dọ̀ ro ìyẹn mọ́ iye tó fẹ́ fi ra rìsífà.

Bluetooth àti fláàṣì

Bluetooth máa ń fún orin pọ̀ kó tó gbé e, nítorí náà ohùn rẹ̀ kì í mọ́ tó ti Wi-Fi. Tí ẹ bá sì ti kúrò níbẹ̀ tó bíi mítà mẹ́wàá, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í já. Síbẹ̀, ó ń kọ orin tí ẹ ti wà sílẹ̀ láìjẹ dátà kankan, ó sì ń gba Boomplay àti áàpù yòówù tí rìsífà kò mọ̀. AirPlay ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún oní-iPhone, ohùn tiẹ̀ sì dáa jù ú lọ.

Fláàṣì lèmi fẹ́ràn fún ọjọ́ tí àlejò bá kún ilé, bíi Ojúde Ọba, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í gbádùn. FAT32 ni kí wọ́n fi ṣe fọ́mátì rẹ̀, kí ẹ kì í bọ ojú USB tó wà níwájú, orúkọ orin á sì máa hàn lójú rìsífà fúnra rẹ̀. Kí ẹ bi òǹtajà bóyá ojú USB yẹn ń kọrin lóòótọ́, torí ti àwọn míì wà fún iná lásán.

Tòkunbọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ orin kékeré

Èyí ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn láti rà. Ẹ ra rìsífà tòkunbọ̀ tí ohùn rẹ̀ dára, kódà bí kò ní Wi-Fi, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ kékeré bíi WiiM Mini sí i lára. Wáyà optical tàbí AUX ló ń gbà wọlé, kò sóhun tó pa á pọ̀ mọ́ HDMI, nítorí náà tẹlifíṣàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé orin ń lọ. Ó ní Spotify Connect, ó ní AirPlay 2, iná USB lásán ló sì ń lò. Ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn ni pé áàpù àti íntánẹ́ẹ̀tì inú rìsífà ló máa ń tètè gbó, nígbà tí agbára ohùn rẹ̀ ṣì wà digbí. Bí ẹ̀rọ kékeré bá gbó, òun nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Wọ́n lè fi Chromecast Audio lọ̀ yín ní àlòkù. Ọdún 2015 ló jáde, ọdún 2019 ni Google ṣíwọ́ títà rẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2025 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà títí Google fi tún un ṣe. N kò ní fi owó mi rà á.

Nípa iná, ẹ má wo plọ́ọ̀gì. Wọ́n ti máa ń gé èyí tó bá a wá, tí wọ́n á fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹ yí rìsífà sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ibi tí wáyà iná ti jáde. Bó bá jẹ́ AC 120V 60Hz, ti Amẹ́ríkà ni, yóò jó bí ẹ bá kì í bọ iná wa láìsí transformer tó ń dín iná kù. 230V 50Hz ni kí ẹ wá.

Ohun kan tún wà tí àwọn òǹtajà kì í sọ. Rìsífà lè máa pín orin sí gbogbo sípíkà, tó fi mọ́ ti ẹ̀yìn. Àpàlà àti wákà àtijọ́ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀; agídìgbo á kàn máa dún bíi pé ó wà nínú kànga. Ẹ tẹ Stereo tàbí Direct lórí rìmóòtù, gbogbo rẹ̀ á padà síwájú.

Yálà Fọlágbadé lẹ ti rà á tàbí ẹ dé Alábà l'Ékòó, ẹ ní kí wọ́n yọ wáyà HDMI kúrò pátápátá, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi rìmóòtù pa tẹlifíṣàn. Kó kọ orin méjì mẹ́ta tán. Kí wọ́n wá yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀ lára iná, kí wọ́n sì tún kì í bọ̀ ọ́, torí bí iná ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn. Èyí tó bá ti gbàgbé Wi-Fi, tó tún ń béèrè tẹlifíṣàn kó tó lè kọrin, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.