Self-contain lẹ́bàá Yunifásítì Ifẹ̀ àbí yàrá àti pálọ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́: èwo ló bá àpò rẹ mu?

Iye tí ejẹ́ǹtì bá kọ́kọ́ pè kọ́ ni owó ilé. Ká ní ₦200,000 lọ́dún ni wọ́n pè é. Ejẹ́ǹtì gba ₦20,000, àgírímẹ́ǹtì gba ₦20,000 mìíràn, láńlọ́ọ̀dù tún ní kí o fi ₦30,000 sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́. ₦270,000 lo máa kà sílẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ti ọdún kìíní nìyẹn o. Nítorí náà, béèrè iye ọdún kejì kí o tó béèrè ohunkóhun.

Asherifa, Damico, Parakin àti ọ̀nà Ẹdẹ ni self-contain pọ̀ sí. Ilé ìdáná tìrẹ, ilé ìwẹ̀ tìrẹ, kò sẹ́ni tí yóò kanlẹ̀kùn pé kí o tètè jáde. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lo ń bá du yàrá. Bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà kò ká wọn, nígbà tí wọ́n bá sì ń wọlé, owó ilé á fò sókè. Bí ìwọ kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ìgbà tí wọ́n bá wà ní họ́lidé ni kí o lọ ná an. Lọ́dún 2022 tí ASUU fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sanwó yàrá tí wọn kò sùn.

Èmi náà gbé lọ́nà Ẹdẹ rí. Ilé náà ń dán, táìlì dé ìdáná. Oṣù kejì ọdún ló tú àṣírí rẹ̀: mo ṣí ẹ̀rọ omi, atẹ́gùn ló fẹ́ jáde. Aago márùn-ún àárọ̀ la ti ń tò sídìí kànga ẹ̀yìnkùlé. Garawa á kanlẹ̀, á dún gbì, omi ẹrẹ̀ bí ife mẹ́ta la ó fà sókè. Láńlọ́ọ̀dù ní òjò ń bọ̀.

Mọdákẹ́kẹ́ dínwó, pàápàá àwọn ilé àtijọ́ tí yàrá kọjú sí yàrá. Àyè ibẹ̀ tún fẹ̀ ju self-contain lọ. Bẹ́ẹ̀dì àti àga á wọlé láìforí gbárí. Wàhálà ibẹ̀ ni mítà kan fún yàrá mẹ́jọ. Mo rí ìyá kan tó gbọ́wọ́ lé ìkòkò ẹ̀wà aládùúgbò rẹ̀, tó ní, "Ẹ wá fọwọ́ kàn án, ó ṣì gbóná! Àwọn ló jẹ iná wa tán." Bi wọ́n bóyá Band A ni àdúgbò náà, ìyẹn ìpele tí owó iná ti wọ́n jù. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦225 ni yúníìtì kan, wákàtí 20 lójúmọ́ sì ni ìlérí rẹ̀. Hótípéètì ẹnì kan lè sọ iná bẹ́ẹ̀ di ìjà.

Owó ọkọ̀ ló ń tan èèyàn jù. Bí iṣẹ́ rẹ bá wà nínú ọgbà Yunifásítì, tí ọkọ̀ ń gba ₦600 lọ́wọ́ rẹ ní àlọ àti àbọ̀, ₦13,200 nìyẹn fún ọjọ́ 22 lóṣù, ₦158,400 lọ́dún. Èrè ilé olówó pọ́ọ́kú ti wọ inú kọ̀rọ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n bí Lágeere tàbí Sábó lo ti ń tajà, Mọdákẹ́kẹ́ ni mo máa ní kí o mú.

Àwọn kan á ní kí o gba ilé ní Iléṣà, kí o máa wá. Nǹkan bí kìlómítà 30 ni. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè dán an wò. Ìlú tiwọn náà sì ti ní Yunifásítì báyìí. Àwọn onílé wọn kò sùn.

Èyíkéyìí tí o bá fẹ́ mú, lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ àti lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò. Bí o bá pàdé ẹni tó ń kẹ́rù jáde, má jẹ́ kí ejẹ́ǹtì yára fà ọ́ wọlé. Bá a gbé tábìlì rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, kí o sì bi í léèrè ìdí tó fi ń lọ.