Owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ di ọ̀kan: àgbéyẹ̀wò fáìlì ètò Django

Ọdún méjì ni mo ti ń fi Django, irinṣẹ́ ìkọ́kànnì tí a fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ, tọ́jú ìkànnì kékeré kan tí mo kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí wọ́n ti ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ tuntun kan sì ń jáde lójoojúmọ́. Django kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Inú ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 2005 ni wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Fáìlì settings.py rẹ̀ (ibi tí a ti ń sọ bí ìkànnì yóò ṣe máa ṣiṣẹ́) nìkan ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni mo ti sọ òru di ọ̀sán jù.

Ohun tó wù mí nípa fáìlì náà ni pé ojú kan ni ọ̀pọ̀ ètò wà. Orúkọ dátábéèsì (ibi tí ìkànnì ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí), orúkọ ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà àti sáfà (kọ̀ǹpútà) tó wà, abẹ́ DATABASES ni gbogbo wọn jókòó sí, ẹni tí kò gbọ́ Python jinlẹ̀ pàápàá lè kà á kó yé e. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nílé, dátábéèsì SQLite tí Django máa ń bá wá tó mi. Ìgbà tí mo fẹ́ gbé iṣẹ́ náà síta ni mo yí i sí dátábéèsì mìíràn, MySQL 8, ìlà bíi mẹ́fà péré ni mo sì tún kọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi «owó» sí i, ó gbà á. Mo fi «ọwọ́» sí i, ó kọ̀, ó ní Duplicate entry, pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe 1062. Mo gbìyànjú «òwò», «ọ̀wọ̀» àti «ọwọ̀» tí a fi ń gbálẹ̀, ìdáhùn kan náà ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé lójú dátábéèsì náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni márààrún. Bí a kò bá yan ìlànà ìfiwéra lẹ́tà fún MySQL 8, utf8mb4_0900_ai_ci ni yóò lò. «Ai» túmọ̀ sí pé kò ka àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí, «ci» sì túmọ̀ sí pé lẹ́tà ńlá àti kékeré kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. SQLite kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí àléébù náà nílé.

Láti ẹ̀dà 3.2 ni Django ti fún wa láyè láti kọ db_collation, ìyẹn ìlànà ìfiwéra lẹ́tà, sí ara àyè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ utf8mb4_0900_as_cs, tó ń ka àmì àti lẹ́tà ńlá sí, síbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi fóònù tẹ «owo» láìsí àmì kò wá rí nǹkan kan mọ́! Mo ní láti dá àyè kejì sílẹ̀ fún wíwá ọ̀rọ̀, kí n sì fi ìlànà àtijọ́ sílẹ̀ fún òun.

Ti àkókò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. UTC, àkókò àgbáyé tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Nàìjíríà, ni Django kọ sí TIME_ZONE, nítorí náà agogo kan òru ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ tuntun ń jáde dípò agogo méjìlá, títí mo fi kọ Africa/Lagos síbẹ̀. (Ará Ìbàdàn tó bá ń wá ìlú rẹ̀ nínú àtòjọ náà yóò wá a tì.)

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ti CONN_MAX_AGE, tó ń sọ bí okùn tó so Django mọ́ dátábéèsì yóò ti pẹ́ tó. Mo fẹ́ kí ìkànnì náà yára, mo bá kọ None síbẹ̀, kí Django má ṣe já okùn náà láé. MySQL ní tirẹ̀ a máa já okùn tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ìṣẹ́jú àáyá 28,800, èyí tí í ṣe wákàtí mẹ́jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ni àṣìṣe ń pàdé, bí ó bá sì tún gbìyànjú, yóò ṣí. CONN_HEALTH_CHECKS, tó ń yẹ okùn náà wò kí Django tó lò ó, tó sì dé pẹ̀lú ẹ̀dà 4.1, ló parí ìjà náà.

Ní ti ààbò, mo gbóríyìn fún wọn. Àṣẹ check --deploy ń ka àwọn ibi tó ṣí sílẹ̀ fún ni, bíi DEBUG (tó ń fi kúlẹ̀kúlẹ̀ àṣìṣe han ẹni tó bá wá) tí a gbàgbé sí True tàbí SECRET_KEY (kọ́kọ́rọ́ àṣírí ìkànnì) tí kò lágbára. Àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa ìfiwéra lẹ́tà ní gbogbo ìgbà tí owó àti ọwọ́ fi ń jà, nítorí náà ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Mo ti ń dán dátábéèsì mìíràn, PostgreSQL, wò báyìí. Ó mọ owó yàtọ̀ sí ọwọ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí bọ́tìnì fóònù kan bá kọ «ọ» ní lẹ́tà kan, tí òmíràn sì kọ ọ́ ní «o» pẹ̀lú àmì abẹ́ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń pè wọ́n.