Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra Porsche 911 àtijọ́, ẹ má gba sítíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gbọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá 911 Carrera 3.2, ti ọdún 1984 sí 1989, kó dúró ka èyí kó tó yọwó lápò. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ìyàwó mi ní kí n dákẹ́, pé kí n má fi ara mi ṣe ẹlẹ́yà níta. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn ló kàn.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé mi ò ṣe ìwádìí: mo ṣe é. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń kàwé lórí ọkọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ni Porsche fi ń pe gbogbo ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ní kí wọ́n fi kún un láti ilé iṣẹ́. Mo mọ̀ pé 491 ni èyí tí gbogbo èèyàn ń lé: ara Turbo (911 tó lágbára ju Carrera lọ) lórí Carrera, fẹ́ńdà fífẹ̀, ìrù gbàgbàrà lẹ́yìn, bíréèkì Turbo, ẹsẹ̀ Turbo. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe ti Turbo. Mo tilẹ̀ mọ̀ pé 470 ni nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ ara náà ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ìrù. Irú ìmọ̀ báyìí ló pa mí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà, ohun tí ọkùnrin tó ń tà á kọ sí i ni “Carrera 1988, ó mọ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tó fi sí i, iye Carrera lásán ni. Mo débẹ̀, mo rí fẹ́ńdà tó fẹ̀ bí ìbàdí ìyàwó ọ̀ṣìngín, àyà mi já. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní, “Ṣé 491 ni?”

Èmi ni mo sọ ọ́! Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ẹnu ara mi!

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ ọkọ̀ o.” Orí mi wú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé e bíi tíṣà: ibi tí sítíkà tí wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà yẹn sí máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, bí nọ́ńbà ṣe máa ń tò sórí rẹ̀, pé èyí tó jọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀. Ó ń mi orí. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ yẹn, kí n padà wá lọ́jọ́ kẹta. Kí ló ń ṣe ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ kò fi sí lọ́wọ́ rẹ̀? Mi ò béèrè.

Ọjọ́ kẹta, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sítíkà wà ńbẹ̀, 491 wà lórí rẹ̀ ketekete. Mo ṣì ń rí i lójú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn dọ̀tí, eruku ti gan mọ́ ọn, ọ̀dà rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àárín ìdọ̀tí yẹn ni sítíkà funfun gbòò wà, etí rẹ̀ kò ká, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Ohun tó ti wà níbẹ̀ láti 1988! Mo fọwọ́ kàn án. Ó dán. Mo sì sọ fún ara mi pé ẹni tó ni ín tọ́jú rẹ̀.

Ó wá ní òun kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀, pé èmi ni mo la òun lójú, nítorí náà òun fi ìdá kan nínú mẹ́ta iye rẹ̀ lé e. Mo sì san án! Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi san án, torí mo ti wo iye tí àwọn èèyàn ń pe 491 gidi, mo rò pé èmi ni mo rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín tó bá wù yín.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mẹkáníìkì mi gbé e sókè láti wo bíréèkì. Ó yọ táyà kan, ó dákẹ́. Ó yọ èkejì. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ bọ̀ ńbí.” Kálípà Turbo, irin tó ń fún bíréèkì pọ̀, máa ń ní písítìnì mẹ́rin, ó tóbi, ó ní abẹ́ abẹ́ lára. Èyí tó wà níwájú mi, kékeré ni, písítìnì méjì péré, ti Carrera lásán. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ni wọ́n fi ti táyà síta kó lè kún inú fẹ́ńdà. Ó mú òòfà láti inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e sára ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbàgìdì. Ó gbé e sára fẹ́ńdà ẹ̀yìn, ó já bọ́ sílẹ̀, kélé. Ó tún gbé e. Kélé. Fáíbà ni. Fáíbà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa! Ìró òòfà yẹn ṣì ń dún sí mi létí lóru.

Ẹ ò ní gbà gbọ́, ìyẹn kọ́ ló parí rẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé ti Yúróòpù ni, agbára ẹṣin 231. Nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WP0AB. Ti Yúróòpù, ZZZ ló máa ń tẹ̀ lé WP0. Ti Amẹ́ríkà ni èyí, 217 ni agbára rẹ̀ ní ọdún yẹn. Mo ti ka nọ́ńbà yẹn tẹ́lẹ̀ o, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé mi! Ojú mi rí i, orí mi kò gbà á, nítorí pé 491 ti gba gbogbo àyè.

Mo pè é. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé 491 ni. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀.” Ẹ gbọ́ olè! Ta ló lẹ sítíkà? Ṣé èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́ ni? Láti ìgbà yẹn kò gbé ìpè mi mọ́.

Ó dáa, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ gbé òòfà dání, ẹ gbé e sára fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tan iná wo inú rìmù kẹ́ ẹ rí kálípà. Gíá: láti 1987, gíá tí wọ́n ń pè ní G50 ló yẹ kó wà ńbẹ̀, rìfáàsì rẹ̀ wà lápá òsì lókè, tó bá wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, 915 ni, gíá tó wà ṣáájú G50, ọkọ̀ náà ti pẹ́ ju ohun tí wọ́n ń sọ lọ. Ẹ má gba aago máìlì gbọ́, gíá kékeré inú rẹ̀ máa ń ṣẹ́, ọkọ̀ á máa rìn, aago á dúró. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gba ìwé bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Porsche pẹ̀lú nọ́ńbà ṣásí, kó tó di pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó. Iye tí wọ́n rí tà á gan-an ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n, ẹ fi iye tí wọ́n ń pè é sílẹ̀. Àti pé, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ẹ jẹ́ kí òun ló kọ́kọ́ dárúkọ nọ́ńbà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sọ pé olóòótọ́ wà nínú wọn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, tó bá rí ekòló, á sá. Lójú tèmi báyìí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, àwọn tó ń tẹ sítíkà ayédèrú náà kò sì sàn jù wọ́n lọ. Irọ́ ni wọ́n ń tà.

Mo ti ṣí sítíkà yẹn kúrò. Kò tilẹ̀ le ṣí, ìṣẹ́jú kan péré. Lábẹ́ rẹ̀ ni àjákù èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà, ó ti pọ́n, wọ́n ti ha á dànù títí kò fi ṣeé kà.

Lánàá mo rí i pé ọkùnrin náà ti gbé Carrera mìíràn síta. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọ “ó mọ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa” mọ́. Ó kọ 491 gàdàgbà sókè, ó ṣàlàyé ibi tí sítíkà wà, àti pé ó bá ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ mu. Ọ̀rọ̀ mi ni, bí mo ṣe sọ ọ́ fún un gẹ́lẹ́.