IPv4 àti IPv6: Èwo ni kí ẹ béèrè bí ẹ bá ń ra róútà n'Íbàdàn?

Bí ẹ bá dé Queen Cinema láti ra róútà, ẹni tó ń tajà lè na páálí kan sí yín, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ní IPv6 o, ó ń sáré ju ìyẹn lọ," kó sì fi owó lé e. Ó lè jóòótọ́ pé IPv6 wà nínú rẹ̀. Ti eré sísá yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ohun tó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì. IPv4, ètò àdírẹ́sì tí a ti ń lò bọ̀ láti 1981, kò ní ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò tó èèyàn ayé, ká má tíì dé orí tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà. Ní oṣù Kejì ọdún 2011 ni IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ayé, pín ìdì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀. IPv6, ètò tuntun tí wọ́n ṣe láti rọ́pò rẹ̀, jáde ní 1998, ilé kan ṣoṣo sì lè gba àdírẹ́sì tó ju gbogbo ti IPv4 lápapọ̀ lọ.

Ẹni tó bá mọ agboolé Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Orúkọ agboolé ni wọ́n ń kọ sára lẹ́tà, baálé ilé á gbà á, á pín in fún onílé kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí róútà ń ṣe lórí IPv4 nìyẹn: àdírẹ́sì kan níta, fóònù àti kọ̀ǹpútà mẹ́wàá nínú ilé. Nígbà tí àdírẹ́sì wá ń tán, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀pọ̀ ilé sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ̀wé ránṣẹ́, èsì á dé. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìta wá kàn yín ni kò ní rí ọ̀nà. Nínú IPv6, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra kámẹ́rà mẹ́rin àti ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀ fún ilé wa ní Àkóbọ̀, kí n lè máa wò ó láti ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Nínú ilé, àwòrán mọ́ kedere. Tí mo bá ti jáde, òfo. Ẹni tó bá mi so ó ní róútà ni, mo ra òmíràn, kò yí padà. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣí ojú ìwé róútà, tí mo wo ibi tí wọ́n kọ WAN sí, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta, ni mo rí àdírẹ́sì tó fi 100.71 bẹ̀rẹ̀. Láti 100.64 dé 100.127, àdírẹ́sì àjọlò ni: ilé mi wà lára àwọn tí wọ́n kó sábẹ́ àdírẹ́sì kan, kò ṣeé kàn láti ìta. Owó róútà kejì yẹn dùn mí gan-an.

Ká ní laini mi ní IPv6 ni, tí ẹ̀rọ kámẹ́rà àti fóònù tí mo fi ń wò ó níta náà sì ní in, tí mo sì gba ẹ̀rọ náà láyè nínú ètò róútà, ǹ bá ti rí ilé mi. Àwọn kámẹ́rà tó ń gba ọ̀dọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá) ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kọjá kì í ní ìṣòro yìí.

Ìyára àti dátà

Ní ti WhatsApp, YouTube àti ìpàdé Zoom, ẹ kò ní mọ̀yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Laini yín àti iye èèyàn tó ń lò ó nírọ̀lẹ́ ló ń pinnu ìyára. IPv6 kò sì dín dátà kù. Ibi tí ẹ ti lè mọ̀ ọ́n lára ni géèmù tí ẹ̀yin àtọ̀rẹ́ jọ ń ta, àti àwọn ojúlé tó máa ń ní kí ẹ mú àwòrán iná ojú pópó kó lè dá a lójú pé èèyàn ni yín. Aládùúgbò tí ẹ jọ ń lo àdírẹ́sì kan lè ti hùwà jìbìtì, kí ìyà rẹ̀ dé orí yín.

Ààbò

Níbí, ẹ ṣọ́ra. Lórí IPv4, róútà dà bí géètì agboolé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí IPv6, ó ṣeé ṣe láti kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan tààrà, nítorí náà fáyàwọ́ọ̀lù róútà, ẹ̀ṣọ́ tó ń dá àlejò tí ẹ kò pè dúró, gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Róútà olówó pọ́ọ́kú tó ní IPv6 ṣùgbọ́n tí kò ní fáyàwọ́ọ̀lù fún un, ẹ má rà á.

Kí ẹ tó yọ owó

Ẹ má torí IPv6 pààrọ̀ kọ̀ǹpútà: láti Windows Vista ló ti wà ní títàn nínú Windows. Ẹ má sì torí rẹ̀ nìkan sọ róútà tó ṣì dáa nù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí bí kò bá fi IPv6 ránṣẹ́, ti inú róútà kò wúlò. Bí aládùúgbò bá ń lo irú laini kan náà, ẹ ní kó ṣí test-ipv6.com, ojúlé tó ń sọ bóyá IPv6 wà lórí laini. Bí kò bá sí, tó sì jẹ́ kámẹ́rà lẹ fẹ́, ẹ béèrè àdírẹ́sì IPv4 tó jẹ́ tiyín nìkan àti iye rẹ̀ lóṣù.

Bó bá wà, tí ẹ sì ti fẹ́ ra róútà tẹ́lẹ̀, ẹ ra èyí tó ní méjèèjì, torí ọ̀pọ̀ ojúlé ṣì wà lórí IPv4 nìkan. Ẹ ní kí ọlọ́jà tan án, kó ṣí ojú ìwé ètò rẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí IPv6 àti fáyàwọ́ọ̀lù rẹ̀ kó tó dì í padà sínú páálí.