Tẹlifíṣọ̀n onítáyà tí mo rà sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán

Oníbàárà mi kan ló ti mí dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ó mú àwòrán kọ́sẹ́ẹ̀tì kan wá lórí fóònù rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ yánnayànna, ó ní bí mo ṣe rí i yẹn gan-an ni kí n rán an. Mo rán an. Nígbà tó wá gbà á, ó ní pánẹ́ẹ̀lì (ègé aṣọ tí a ń rán pọ̀) 6 ni mo fi síwájú tòun, pé 8 ló wà nínú àwòrán. A fẹ àwòrán náà títí, òótọ́ ni. Ibi tí fóònù ti fọ́ ló bo méjì tó kù mọ́lẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni, òde di Àbámẹ́ta, èmi àti réésà la jọ jókòó tí mo ń tú léèsì olówó ńlá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti búra pé n kò ní wo sítáílì lórí fóònù ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo wá rà ni tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé ka orí òpó, tí òpó náà ní ìdí rọ̀bọ̀tọ̀ pẹ̀lú táyà wẹ́wẹ́ 5 lábẹ́, tí bátìrì sì wà nínú rẹ̀. LG ló jẹ́ kí ayé mọ irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé StanbyME jáde ní Korea ní 2021, ṣùgbọ́n owó ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Tèmi jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà tí orúkọ wọn ò tíì dé etí ẹnikẹ́ni. Íńṣì 27 ni, Android ló wà nínú rẹ̀, èèyàn sì lè fọwọ́ tẹ ojú rẹ̀ bíi ti fóònù. ₦520,000 ni mo san, pẹ̀lú owó ọkọ̀ láti Èkó wá sí Ìbàdàn. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ industrial méjì nìyẹn. Ọkọ mi ti rán mi létí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Oṣù 8 ni mo ti ń lò ó báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń mú owó mi padà, nítorí kì í ṣe táyà, kì í ṣe bátìrì. Yíyí tó ń yí ni. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún, ó dúró lóòró bíi dígí. Ẹni tó wọ aṣọ, ìdúró ló wà tí wọ́n fi ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, á tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín, dúdú lọ́tùn-ún, dúdú lósì. Lórí èyí, láti gèlè dé bàtà, ó kún bámú. Mo fi téèpù mi wọ̀n ọ́n: íńṣì 23 ààbọ̀ lóòró.

Ẹ̀gbẹ́ dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn ni mo máa ń tì í sí. Oníbàárà dúró níhìn-ín, àwòrán dúró lọ́hùn-ún. Màmá kan mú sítáílì wá fún ọjọ́ ìbí 60 wọn, ẹ̀yìn aṣọ náà ṣí sílẹ̀ dé ìbàdí. Láyé àtijọ́, ǹ bá ti máa wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi pọ́n ọn. Mo kàn gbé e síwájú wọn ni. Wọ́n wò ó, wọ́n yíjú wo dígí, wọ́n tún wò ó. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyá Dámi, ṣé ẹ lè bá mi fi nẹ́ẹ̀tì bo ibẹ̀ yẹn?” Mo ní, “Màmá, a ó fi nẹ́ẹ̀tì sí i, a ó tún wá fi léèsì lé nẹ́ẹ̀tì lórí.” A jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sanwó, wọ́n lọ.

Àwọn ọmọge ni tiwọn, ìka méjì ni wọ́n fi ń fẹ ọrùn aṣọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n rán sítóònù mọ́ ọn ni àbí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó ń hàn kedere. Èmi náà ń ka dáàtì, ìyẹn ibi tí wọ́n ṣẹ́ aṣọ kó lè bá ara mu, mo ń wo ibi tí wọ́n gba síìpù sí, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n kó tó di pé a dúnàádúrà. Àwọn kan á ti fọwọ́ kan án láìmọ̀ọ́mọ̀, ó ti fò sórí sítáílì mìíràn, wọ́n á ní èyí gan-an làwọn fẹ́. Ìyẹn ti da iṣẹ́ rú fún mi tó ìgbà mélòó kan.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan ṣe é ní jàǹbá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó mú píìnì lọ́wọ́, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ó sì fi ọwọ́ yẹn gan-an tọ́ka: “Àǹtí, ṣé ibi yìí ni dáàtì yẹn parí sí?” Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí i. Ìlà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ títí di òní, kò gùn ju èékánná lọ, àyà gbogbo ẹni tí mo bá gbé sójú tẹlifíṣọ̀n náà ló sì máa ń bọ́ sí. Bí ẹ bá ra tiyín, ẹ lẹ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, bí a ṣe ń ṣe fún fóònù.

Táyà ń kọ́? Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ilé ìfowópamọ́. Òwú ló kún ibẹ̀. Láàárín oṣù kan, òwú ti wé mọ́ táyà mẹ́ta débi pé mo ń tì í, ó ń wọ́. A dojú rẹ̀ dé sórí bẹ́ẹ̀dì tí a fi ń ge aṣọ, a fi réésà gé òwú náà kúrò, a rí òwú funfun, òwú pupa, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ aṣọ ìyàwó kan tí a ti ń wá látọjọ́ yìí. Oṣooṣù la ń ṣe é báyìí.

Ti bátìrì, àwọn tó tà á ní wákàtí 4. Mo gbé aago lé e: bí ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ dáadáa tó ń fi fíìmù hàn, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 ló lò. Bí mo bá dín ìmọ́lẹ̀ kù, tó sì jẹ́ pé fọ́tò nìkan ló wà lórí rẹ̀, ó lé ní wákàtí 3 díẹ̀. Ṣájà rẹ̀ ò tóbi ju ti láptọ́ọ̀pù lọ, kì í yọ inverter lẹ́nu rárá. Wọ́n fún mi ní gàráńtì ọdún kan, ẹ̀yìn tí mo sanwó ni mo wá kà á pé bátìrì ò sí lára rẹ̀. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìró rẹ̀ ò tún ní láárí, bí ẹ̀rọ mẹ́rin bá ti ń dún pọ̀, àfi kéèyàn so sípíkà Bluetooth mọ́ ọn. Dátà sì ni: 10GB tí mo rà ní Ọjọ́ Ajé ò fojú kan Ọjọ́bọ̀, nítorí àwọn ọmọ ń wo bí wọ́n ṣe ń gé pátẹ́ẹ̀nì lórí YouTube látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo fa bí fídíò ṣe ń hàn kedere tó wálẹ̀ sí 480p, ara tù mí.

Ọ̀rọ̀ pé ó ṣeé gbé kiri ni wọ́n ti purọ́ fún mi díẹ̀. Èrò mi ni pé a jọ máa ń lọ sílé lálẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù wà ní Mọ́kọ́lá, ilé wà ní Ológùnẹrú. Kílò 18 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ wá wò mí ní ojú títì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, èmi àti tẹlifíṣọ̀n, tákísí Micra ń kọjá, wọ́n ń yọjú wò wá, wọ́n ń lọ. Èyí tó wá gbé wa gba owó èrò méjì lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, ojú rẹ̀ wà láyà mi, òpó rẹ̀ ń gún ọ̀gbẹ́ni iwájú lẹ́yìn ọrùn. Mi ò fi tákísí dán an wò mọ́. Láti yàrá dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, ó ń tẹ̀ lé èèyàn bí ọmọ ewúrẹ́. Bó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹrù ni.

Àwọn ọjọ́ tó lò nílé yẹn, ìyá mi ló gbádùn rẹ̀ jù. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1959, wọ́n ní ojú fèrèsé ẹlòmíì làwọn ti ń yọjú wo tẹlifíṣọ̀n, pé inú àpótí onílẹ̀kùn ló ń gbé, onílé á sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í tí ara rẹ̀ ò bá fẹ́ àlejò. Èyí wá ń bá wọn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé wa ò sí lára àwọn Band A tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, nítorí náà bí iná bá lọ, fíìmù Yorùbá wọn ń lọ ní tiẹ̀. Kìkì pé wọ́n fẹ́ wo ìròyìn BCOS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tẹlifíṣọ̀n yìí ò sì ní ihò eriali. A fi wáyà HDMI so dikódà mọ́ ọn. Wáyà náà ò gùn, dikódà sì ń jẹ iná. Onítáyà di ẹni tí a so mọ́lẹ̀.

Fún pálọ̀ onílé tó lọ́mọ mẹ́rin, íńṣì 27 kéré, ẹ fi irú owó yìí ra ńlá tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Fún télọ̀, onígèlè, ẹni tó ń ṣe irun, ẹnikẹ́ni tí oníbàárà rẹ̀ ń mú àwòrán wá, mo máa ní kẹ́ ẹ rà á, àní pẹ̀lú ìlà tó wà lójú tèmi.

Ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé báyìí. Ọdún Ajíǹde ni ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò wa fi ọkọ̀ rẹ̀ bá mi gbé e wálé kẹ́yìn, ọjọ́ 4 péré ló lò. Láti ìgbà yẹn, ìyá mi kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ọkọ mi bí wọ́n bá pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ní, “Àlejò mi yẹn, ìgbà wo ló tún ń bọ̀?”